Ẹsẹ̀ Kì Í Kanlẹ̀

Wọ́n ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Mo ti gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un sọ fún mi, kó kọ́kọ́ lọ jókòó sórí pákó tí ọkọ mi ń jókòó lé, kó gun alùpùpù gba títì márosẹ̀ láti ìlú kan dé ìlú kejì láìsọ̀kalẹ̀, ká wá wo irú sùúrù tó máa ṣẹ́ kù lára ẹ̀.

Ìjókòó ni mò ń rán. Ìjókòó mọ́tò, ìjókòó alùpùpù, àga pálọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá kan tó lè gún awọ, tábìlì tí mo fi ń gé tìmùtìmù, àti òórùn gọ́ọ̀mù tí kì í kúrò lára aṣọ mi. Bí ènìyàn bá ń ti ẹnu ọ̀nà bọ̀ báyìí, mo ti fojú wọn ìdí ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ yé wo àwọn lẹ́yìn.

Ọkọ mi ní tiẹ̀, eyín ló ń kó kiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ kan wà nílùú wa tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá fún àwọn tí eyín wọn ti ká, ọkọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń fi alùpùpù gbé e lọ fún àwọn dókítà eyín nílùú kejì. Láàárọ̀ wọ́n á gbé tuntun lọ, nírọ̀lẹ́ wọ́n á kó àwọn tí kò bá ẹnu mu padà wá. Márosẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ gbà bọ̀, títì gbalasa tí kò sí ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tírélà lápá ọ̀tún, mọ́tò tó ń sá eré àsápajúdé lápá òsì. Onírin ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, wọ́n ní kì í rẹ̀ ẹ́. Èmi tí mò ń gbọ́ ìkérora ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo mọ̀ bóyá ó ń rẹ̀ ẹ́ tàbí kò rẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo gbé ìkòkò kaná, mo yíjú kí n wá àkísà tí n ó fi sọ̀ ọ́. Kí n tó yíjú padà, ọkọ mi ti fọwọ́ lásán gbé ìkòkò náà sórí tábìlì. Kò kánjú, kò pariwo. Òórùn awọ tó ń jó ló sọ fún mi.

“Ẹ ò mọ̀ pé ó gbóná ni?” mo figbe ta.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bí ẹni ń wo ti ẹlòmíràn. “Ṣé ó gbóná?” ló wí.

Ara mi bù máṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni o, ọwọ́ tó fi ń tẹ bíréèkì. Mo ní kó fún ìka mi mọ́wọ́. Ó fún un títí mo fi ké, ó lóun rò pé òun ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ní kó tún un fún. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní òun ti ń fún un, bẹ́ẹ̀ ìka ẹ̀ ò tíì pa dé rárá. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ yẹn bá ṣe báyìí lórí márosẹ̀, tí tírélà dúró lójijì níwájú ẹ̀, mo dopó nìyẹn. Àwọn ọmọ mi á di aláìníbaba, ilé-iṣẹ́ eyín á sì ti rí ẹlòmíràn gbà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Mo mọ ohun tó pa ọwọ́ náà. Ìjókòó tó gbé wá láti ibi iṣẹ́, pákó tí wọ́n fi awọ rẹ́síìnì bò ni, ó sì dagẹ̀rẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá jókòó sórí ẹ̀ á máa yọ́ lọ síwájú, á wá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara ẹ̀ padà. Gbogbo ìwúwo ara ẹ̀ wá di ti ọwọ́. Atẹ́gùn ń gbá a láyà, ó ń fún irin mọ́wọ́ kó má baà gbé e lọ, irin náà sì ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, wákàtí lé wákàtí. Ọwọ́ wo ni kò ní kú?

Ni mo bá ti gbogbo iṣẹ́ oníṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rán ìjókòó fún ọkọ mi. Mo fi tìmùtìmù líle sísàlẹ̀, mo fi rírọ̀ sókè, nítorí pé èyí tó bá rọ̀ látòkè délẹ̀, ìdí á rì wọnú ẹ̀ kan pákó ni. Mo mú ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ̀, mo gé iwájú ẹ̀ tín-ínrín kó má baà ha á nítan, mo sì kó gbogbo ojú rírán sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí kò ti ní gé e lára. Mo wé rọ́bà mọ́ irin tó ń dì mú. Mo ní kí onígíláàsì gé ike líle kan tó máa gba atẹ́gùn fún un láyà. Mo fún un ní òwú tó máa fi dí etí, mo rọ omi sínú ike. Mo wá jókòó tì í bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ níwèé.

“Ẹ máa dúró lójú ọ̀nà. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ gbọn ọwọ́, ẹ mu omi. Tí ẹ bá tún gùn ún, ẹ má fún irin mọ́wọ́ bí ẹni fẹ́ pa á lọ́rùn. Ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́, Dúdú mi. Ìyàwó rere ni ọ́.”

Ó tètè gbà jù. Ó yẹ kí n fura. Ọkọ mi kì í gba nǹkan kan láìjẹ́ pé a jà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ti jáde, mo rí òwú etí ẹ̀ lórí fèrèsé. Inú bí mi díẹ̀, mo ní màá gbé e lọ bá a kó tó gbéra. Mo dé ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ wọn, mo kí aṣọ́nà, aṣọ́nà dá mi lóhùn látorí ìjókòó ẹ̀. Ó to búlọ́ọ̀kù méjì léra wọn, ó gbé ìjókòó tí mo rán fún ọkọ mi lé e, ó fìdí lé e bí ọba.

“Níbo lẹ ti rí nǹkan yìí?”

“Ha, ìyàwó Onírin! Ọlọ́run á bù sí i fún un. Bó bá ti dé láàárọ̀, á tú u, á kó pákó ẹ̀ sí i. Nírọ̀lẹ́, á gba èyí lọ́wọ́ mi, á dè é padà kó tó máa bọ̀ nílé. Láàárín méjì yìí, èmi ni mo ni ín. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn mí tipẹ́ ti fi mí sílẹ̀ o!”

“Ike tó ń gba atẹ́gùn ńkọ́?”

Ó nawọ́ sẹ́yìn. Ike líle mi wà lójú fèrèsé yàrá ẹ̀, ó fi ń gba òjò dúró.

Orí mi fẹ́ fò lọ. Ṣé ẹ rí i, bí ọkùnrin bá parọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè ní àṣìṣe ni. Èyí ń fi sípánà parọ́ fún mi lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Mo bi aṣọ́nà ohun tó fà á, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó ní kí n wo ògiri ibi ìkẹ́rù.

Ìrọ̀rí kan ló wà lára ògiri náà, ó dọ̀tí, wọ́n fi okùn so ó kọ́. Aṣọ́nà ṣàlàyé. Àwọn agùn-alùpùpù ibẹ̀ ní òfin kan, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló ṣe é, àwọn fúnra wọn ni. Ẹsẹ̀ kì í kanlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Láti géètì dé géètì, ẹnì kan ò gbọdọ̀ dúró sinmi. Ẹni tí wọ́n bá rí tó dúró lójú ọ̀nà, ì báà jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, òun ló máa so ìrọ̀rí yẹn mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù ẹ̀ títí ẹlòmíràn fi máa dúró. Ẹni tó bá sì fi nǹkan rírọ̀ sídìí, òun náà á so ó. Wọ́n á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọ ọwọ́, wọ́n á máa bi í bóyá ó ti mu ọmú. Nítorí ẹ̀ ni wọn kì í mu omi láàárọ̀. Àgbàlagbà, baba ọlọ́mọ!

Mo wọ inú ọgbà. Àwọn agùn-alùpùpù ti wà lórí máṣíìnì wọn, wọ́n tò gbọọrọ, ẹni tó ń pín ẹrù ń so àpótí eyín mọ́ irin ẹ̀yìn fún kálukú. Ọkọ mi ni ìkejì. Ẹni àkọ́kọ́ ni olórí wọn, Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́, ọkùnrin tí gbogbo irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun, tí oòrùn ti sun ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ mi rí mi, ojú ẹ̀ yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí ọkọ mi máa jókòó sórí pákó?”

“Ìyàwó wa! Ta ló bí ọ nínú láàárọ̀ kùtù?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ dá mi lóhùn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àwọn yòókù kí wọ́n bá a rín in. “Wò ó, ìyàwó wa, má jẹ́ kó dùn ọ́. Iṣẹ́ rẹ dára, a ti fọwọ́ kàn án. Àmọ́ nǹkan tó bá rọ̀, oorun ló ń fà. Ẹni tí ara bá tù lórí márosẹ̀, á sùn. Ẹni tó bá sùn lórí ẹ̀, ó kú nìyẹn. Ìnira ló ń là wá lójú. Bí àwọn tó ṣíwájú wa ṣe kọ́ wa nìyẹn.”

“Àwọn tó ṣíwájú yín dà? Ẹ pè wọ́n kí wọ́n wá sọ ọ́ fún mi.”

Ẹni tó ń pín ẹrù wolẹ̀.

“Dúdú,” ọkọ mi wí lábẹ́ akoto, “máa lọ sílé. O ń dójú tì mí.”

Ẹ̀yin ará, ọkọ mi kì í gbọ́ ‘o’ lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń pè é ní ‘ẹ’. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀wọ̀ ti bọ́ sọ́nà kí n tó débẹ̀.

“Ojú ń tì ọ́? Ìwọ tí o din ọwọ́ ara rẹ bí ẹran, tí o ò mọ̀? Ó dáa. Sún síwájú.”

Akoto kan wà lára ìkọ́ lẹ́bàá ìrọ̀rí wọn. Mo mú un, mo dé e, mo ká aṣọ mi sókè, mo sì gun ẹ̀yìn ọkọ mi, ní àyè kékeré tó wà láàárín òun àti àpótí eyín. Àwọn ọkùnrin hó yèè. Ẹnì kan pariwo pé ìrọ̀rí Onírin ti dé, ìrọ̀rí tó ní ẹsẹ̀. Mo ní kí ó gbàdúrà kí ìrọ̀rí náà má sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ọkọ mi ò lè ti mí, kò lè sọ̀kalẹ̀ wá fà mí, mo rò pé ìtìjú ló mú un. Ó yí ọwọ́, a jáde ṣáájú gbogbo wọn.

Mo ti rán ìjókòó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gun márosẹ̀, àmọ́ èmi fúnra mi ò gùn ún rí. N kò mọ̀ pé ariwo lè dun ènìyàn bí ẹgba. A ò tíì rìn jìnnà tí atẹ́gùn ti ń wá ọ̀nà àtigbé akoto kúrò lórí mi, tó ń fi okùn ẹ̀ fún mi lọ́rùn. Tírélà á kọjá, á kọ́kọ́ fà wá mọ́ra, á tún wá tì wá dànù. Pákó náà ń gbọ̀n lábẹ́ mi, gbígbọ̀n ẹ̀ gba ìdí mi gòkè wá sí eyín mi, mo ní láti pa ẹnu dé kí n má baà gé ahọ́n jẹ. Itan mi kọ́kọ́ ń ta mí, lẹ́yìn náà ó ń jó mi, lẹ́yìn náà n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo dì mọ́ ọkọ mi, mo sì gbọ́ ọ lára ẹ̀ pé gbogbo iṣan ẹ̀yìn ẹ̀ le gbandi. Bó ṣe máa ń wà nìyí, ní gbogbo ọjọ́ tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi tí mò ń kọrin.

Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ yọ, igi tútù, àga onísìmẹ́ǹtì, ẹ̀rọ omi. Mo gbá a léjìká. Kò dúró. Ìkejì yọ, mo fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lẹ́yìn, mo pariwo orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́. Kò dúró. Mo gégùn-ún fún un, mo gégùn-ún fún Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́, mo gégùn-ún fún gbogbo aláìléyín tó ń retí wa. Atẹ́gùn kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá kan tó wà níwájú wa ti tan iná pupa ẹ̀yìn ẹ̀.

Mo rí i, ọkọ mi náà rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lọ sórí bíréèkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ìka ẹ̀ wà lórí irin náà kedere. Wọn ò pa dé. Iná pupa náà ń tóbi, ìka náà kàn sùn sórí irin bí ìka òkú, ọkọ mi sì bojú wò wọ́n. Ó gbé ojú kúrò lójú títì kó lè wo ọwọ́ ara ẹ̀! Lẹ́yìn náà ló fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì ìsàlẹ̀, táyà ẹ̀yìn ké, alùpùpù ń fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, a gba àárín ọkọ̀ ńlá náà àti irin ẹ̀gbẹ́ títì kọjá, etí aṣọ mi gbá táyà ẹ̀. Ìgbà tí mo tún mọ ohun tó ń lọ, a ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú iyanrìn. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo jókòó sínú iyanrìn. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo pa ẹ́ńjìnnì náà, mo sì yọ kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́.

“Sọ̀kalẹ̀,” mo wí.

“Dúdú, fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Mo ní kí o sọ̀kalẹ̀! O fẹ́ pa mí! O fẹ́ pa ara rẹ, o sì fẹ́ pa mí, nítorí ìrọ̀rí! Nítorí pé kí àwọn wèrè kan má baà fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́! Sọ̀kalẹ̀ kí n gbá ọ létí!”

Mo fà á lápá. Kò wá. Mo fi gbogbo agbára fà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì di alùpùpù mú, ó sì ké. Igbe náà kì í ṣe ti ìbínú. Ẹ̀rù ló wà nínú ẹ̀, mo fi í sílẹ̀.

“Tí mo bá sọ̀kalẹ̀,” ó wí, “n kò ní lè gùn ún mọ́.”

“Kí lo wí?”

“Ìbàdí mi. Ẹsẹ̀ mi kì í gòkè mọ́. Ó ti pẹ́.” Ó ń wo iwájú, kò wo ojú mi. “Nílé, orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń gùn ún. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, màá fi alùpùpù ti ògiri, màá fi ẹ̀yìn yọ́ wálẹ̀ kó o tó jáde. Níbi iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́ ló ń gbé mi, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, kí àwọn yòókù tó rí wa. Lọ́hùn-ún, aṣọ́nà tibẹ̀ ló ń gbé mi.”

“Ta ló wá ń gbé Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́?”

“Èmi ni,” ló wí. “Àwa mẹ́ta tó dàgbà jù là ń gbé ara wa.”

Ṣé ẹ ti rí nǹkan báyìí rí? Wọ́n ti fi ìnira ba ìbàdí ara wọn jẹ́ débi pé wọn ò lè dúró, wọ́n wá fi àìlèdúró ṣòfin, wọ́n fi òfin náà ń fi ẹni tó bá dúró ṣẹ̀sín. Àwọn ọmọdé tó wà láàárín wọn ò mọ̀, wọ́n rò pé akọni ni wọ́n. Àwọn náà ń jókòó sórí pákó kí wọ́n lè dà bí wọn. Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀, àwọn aláìmọ̀kan wọ̀nyí ń pe àìlèdúró ní agbára.

Mo fi apá mi méjèèjì gba abẹ́ apá ẹ̀. Mo gbé e wálẹ̀. Ó sunkún bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ń nà, mo tẹ́ ẹ sórí koríko, mo bọ́ bàtà ẹ̀, mo fún un lómi. Ó mu ún bí ẹni tó ti aginjù bọ̀. Mo mú ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ra á. Mo ń bú u, mo ń ra á.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí alùpùpù kan fi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń dún, ó fi ìka ẹsẹ̀ kan ti iyanrìn, ìdí ẹ̀ ò kúrò lórí pákó ẹ̀.

“Onírin! Kí ló dé? Dìde, dìde, àwọn ọmọ yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn ò gbọdọ̀ bá ọ báyìí.”

Mo dìde dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e. Ó yá, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá gbé e.”

Ó wo ọkọ mi. Ọkọ mi ò lè wo ojú ẹ̀.

“O ti sọ fún un,” Ẹ̀gbọ́n Afẹ́fẹ́ wí.

“Ẹ sọ̀kalẹ̀, mo ní! Ẹ̀yin afẹ́fẹ́! Ẹ̀yin tí ara ò gbọdọ̀ tù! Ilẹ̀ nìyí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!”

Mo retí pé á bú mi. Ó wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀ títí, bí ẹni ń wo inú kànga. Ó ṣí akoto.

“Ìyàwó wa,” ló wí, ohùn ẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, “tí èmi náà bá sọ̀kalẹ̀, ta ni yóò gbé mi padà?”

“Kò sẹ́ni tó máa gbé yín padà. Ẹ fapá yín lé mi lọ́rùn.”

Mo rò pé kò ní gbà. Alùpùpù àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn ti ń dún bọ̀ lókèèrè. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọkọ mi lórí koríko, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì fi apá méjèèjì kọ́ mi lọ́rùn. Ọkùnrin tó ga tó yẹn, kò wúwo tó àga pálọ̀ kan. Mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo yọ kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ náà. Àwọn ọmọdé náà dé, wọ́n rọra kọjá níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó hó.

Mo fi fóònù pe ọ̀gá ilé-iṣẹ́ pé kí ó rán mọ́tò wá kó ènìyàn méjì, alùpùpù méjì àti eyín ẹ̀. Ó bi mí bóyá jàm̀bá ni. Mo ní rárá, kó máa bọ̀, ohun tí mo fẹ́ bá a sọ kì í ṣe ti orí fóònù.

Ọkọ mi di etí aṣọ mi mú. “Wọ́n á fi mí sínú ilé-iṣẹ́, wọ́n á ní kí n máa fọ eyín àtọwọ́dá. N kò ní gun nǹkan kan mọ́ láyé.”

“Mo mọ̀.”

“Dúdú, jọ̀ọ́. Kí wọ́n tó dé. Gbé mi lé e. N ò ní kí o fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Jẹ́ kí wọ́n ṣáà bá mi lórí ẹ̀. Kí wọ́n má bá mi nílẹ̀.”

Gbogbo ohun tó tọrọ kò ju ìyẹn lọ. Mo lè gbé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹni tó gùn jù ú lọ. Tí mo bá gbé e lé e lẹ́ẹ̀kan yìí, lọ́la á wá ẹni tó máa gbé e, lọ́tùn-únla náà, títí ọjọ́ tí ìka yẹn ò fi ní pa dé rárá. Inú ń bí mi sí i, sí gbogbo wọn, ó sì ń bí mi sí èmi tí àánú ẹ̀ ń ṣe.

“Rárá,” mo wí.

Ó ní òun ò ní dárí jì mí láyé. Mo ní kó má dárí jì mí. Ó yí ẹ̀yìn sí mi lórí koríko. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì kí atẹ́gùn tírélà lè máa lu èmi dípò òun, títí mọ́tò náà fi dé, tí wọ́n bá a nílẹ̀.